Àwo Rọ́ọ̀kì Tí Kò Pariwo: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí A Gba Ofege Sílé

Ní ọdún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó dá ayé rú lábẹ́ orúkọ Beatles, wá sí Èkó láti gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá. Ìtàn ìrìnàjò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá fẹ́ràn orin. Wọ́n ti sọ ọ́ títí bí àwọn olè ṣe yọ ọ̀bẹ sí òun àti Linda ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì gba téèpù àwọn orin tó kó dání lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ bí Fẹlá ṣe lọ ká a mọ́ sítúdíò pé ó wá jí orin àwọn ọmọ Áfíríkà gbé. Àwo tó ti inú ìrìnàjò náà jáde ni Band on the Run. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ló jáde, kò sì sí ibi tí òkìkí rẹ̀ kò dé lágbàáyé.

Ọdún 1973 yìí kan náà ni EMI ti Nàìjíríà gbé àwo rọ́ọ̀kì mìíràn jáde. Try and Love ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe àlejò láti ìlú òkèèrè, wọn kì í sì í ṣe gbajúmọ̀. Ọmọ ilé ìwé girama ni wọ́n, ní St Gregory's College, Ọbaléńdé, l'Ékòó. Ofege ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín nínú ọgbà léèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá mọ Band on the Run nínú wọn yóò pọ̀ ju èyí tó mọ Try and Love lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ Èkó ló kọ èyí tí wọn kò mọ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò le. Àwo yìí dára, ìrọ̀rùn ohùn rẹ̀ ló sì mú kó dára. Ìkejì, àwa tí à ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, a sì ní ojúṣe sí i pẹ̀lú. Bí a bá ń ka orin tó ti ilẹ̀ yìí jáde, kò yẹ kí a máa fo rọ́ọ̀kì dá bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn ọmọ náà. Melvin Ukachi ni aṣáájú wọn, òun náà ló ń lé orin. Ọmọ ogún ọdún kò sí nínú wọn. Bàbá ìsàlẹ̀ wọn nínú iṣẹ́ náà ni Odion Iruoje, ẹni tó ń darí ìgbàsílẹ̀ orin fún EMI Nàìjíríà nígbà náà, tó sì bá Fẹlá ṣiṣẹ́. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó gbọ́ ohùn Fẹlá tán, tó tún gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé ìwé yìí, tó sì ní èyí náà yẹ lẹ́ni tí à á náwó lé. Ó ní láti jẹ́ pé ó gbọ́ nǹkan kan.

Kí ló gbọ́? Lójú tiwa, ó gbọ́ àwọn ọmọ tí kò gbìyànjú láti ṣe bí àgbà. Rọ́ọ̀kì tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jẹ́ orin tí gìtá ti ń ké, tí ìlù ń dún bí ààrá, tí olórin ń lọgun títí iṣan ọrùn rẹ̀ yóò fi yọ. Gìtá wà nínú Try and Love lóòótọ́, ó sì ń há nígbà mìíràn nítorí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn onírọ́ọ̀kì máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti fi yí ohùn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n gìtá yìí kò bá olórin jà. Ìlù ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohùn àwọn ọmọ náà tutù, wọ́n ń gbè ara wọn lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bẹ́ńṣì kan. Àkọlé orin wọn pàápàá fi irú ọkàn tí wọ́n ní hàn: "It's Not Easy", "Nobody Fails", "Try and Love". Ìfẹ́, ìnira, ìrètí. Ohun tó ń jẹ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ́kàn náà nìyẹn, wọn kò sì fi àdàmọ̀dì ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ká tó lè mọ bí èyí ṣe yàtọ̀ tó, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí wọ́n jọ wà lábẹ́ òrùlé EMI ní sáà yẹn. Fẹlá gbé Gentleman jáde ní 1973, orin kan ṣoṣo tó gba odindi ojú kan àwo, fèrè ń dún, ọ̀rọ̀ sì ń ta bí ata. Àyìnlá Ọmọwúrà náà wà ní EMI, ó ń fi àpàlà rẹ̀ yin àwọn olówó, ó ń fi ohùn kan náà na àwọn abánidíje rẹ̀ lẹ́gba. Ẹgbẹ́ BLO, ìyẹn Berkley Jones, Láolú Akíntóbi àti Odumosu, gbé Chapter One jáde ní 1973 kan náà, rọ́ọ̀kì tó ki, tó sì wúwo ni. Láàárín àwọn kìnnìún wọ̀nyí ni àwọn ọmọ Ofege ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí a ṣe ń pariwo. Àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó ní sáà yẹn ń gbọ́ Jimi Hendrix, wọ́n ń gbọ́ Santana. Wọ́n yàn láti máà pariwo ni.

Níbí ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn ti wúlò. Wọ́n kọ́ wa pé ohùn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí à ń fi dá ewì alohùn mọ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀rọ̀ kan náà lè wà nínú ìjálá, kó wà nínú rárà, kó wà nínú iwì egúngún. Bí ẹni tó ń sun ún bá ṣe gbé ohùn rẹ̀ la ó fi mọ èyí tó jẹ́. Ohùn ọdẹ kì í ṣe ohùn ìyàwó tó ń sunkún lọ sílé ọkọ. Ohùn egúngún kì í ṣe ohùn ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kò sì sí olùkọ́ kankan tó sọ fún wa rí pé nítorí pé ìjálá le, orin ìrẹmọlẹ́kún kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Yorùbá mọ iyì ohùn pẹ̀lẹ́. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá kan orin òde òní, ariwo nìkan ni a fi ń wọn agbára?

Èyí kì í ṣe ìbéèrè lásán. Ẹ wo ohun tí a ti pa mọ́ àti ohun tí a jẹ́ kó bọ́. Àyìnlá Ọmọwúrà ní ìwé ìtàn ìgbésí ayé, Festus Adédayọ̀ ló kọ ọ́. Ó ní fíìmù, Túndé Kèlání ló ṣe é jáde ní 2021. Ìwé tí wọ́n kọ lórí Fẹlá kò ṣe é kà tán. Ó tọ́ sí wọn, a kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn rọ́ọ̀kì Nàìjíríà, ibo ni yóò lọ? Ní 2008, ilé iṣẹ́ Soundway ní Ìlú Ọba ṣe àkójọ kan tí wọ́n pè ní Nigeria Rock Special. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Academy LPs ló tún Try and Love tẹ̀ jáde, tí Now-Again sì gbé àkójọ Wake Up You! síta ní 2016 pẹ̀lú ìtàn tí Uchenna Ikonne kọ. Ọmọ Nàìjíríà ni Ikonne, iṣẹ́ takuntakun ló ṣe, a sì kí i. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra àwo ní London àti New York ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dé. Ọbaléńdé ni orin ti jáde. Ẹni tó wà ní Ọbaléńdé ló gbọ́ ọ kẹ́yìn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò yẹ̀ wá lọ́wọ́ wò. A ti gbọ́ àríyànjiyàn wọn lẹ́nu àwọn akẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ náà fi kọ púpọ̀ nínú orin wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwo náà tí àkọlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Gbe Mi". Ọmọ Yorùbá kò nílò atúmọ̀ èdè kó tó mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá ń kọ́ nípa ìgbésí ayé Yorùbá ní ìlú ńlá, báwo ni yóò ṣe sọ pé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti wọlé, iṣẹ́ òun parí síbẹ̀? Àwa fúnra wa, bí a bá jókòó sábẹ́ igi níwájú kíláàsì, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń fi ṣàwàdà. Bí àwọn ọmọ Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀ ní 1973 náà nìyẹn. Àmúlùmálà èdè wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Kí ló dé tí a ó fi kọ́ ọ lórí ìwé, tí a ó sì kọ etí dídi sí i nínú orin?

Wọ́n tún ní gìtá àti rọ́ọ̀kì, ohun àjèjì ni. Ẹ gbà wá láàyè ká rẹ́rìn-ín díẹ̀. Jùjú tí gbogbo wa ń jó níbi ìgbéyàwó, gìtá ló gbé e dúró. Láyé Túndé King ní nǹkan bí ọdún 1930 ni orúkọ jùjú ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ohun èlò olókùn sì ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. I. K. Dairo mú àkọ́díọ́nù wọ̀ ọ́. Sunny Adé mú gìtá aláwẹ́ irin tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń lò wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó lé wọn síta. Ohun tó di tiwa ni ohun tí a bá gbà sílé tí a sì fi ọwọ́ wa lò.

Kódà, rọ́ọ̀kì ti wọ inú jùjú láìjẹ́ pé a fura. Láolú Akíntóbi tó ń lu ìlù nínú BLO, òun kan náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Láolú Akins, ló darí ìgbàsílẹ̀ Ace tí Ṣínà Peters gbé jáde ní 1989. Ẹ̀yin tí ìyá yín jó Afro-juju títí bàtà fi já, ọwọ́ onírọ́ọ̀kì wà nínú ijó yẹn. Bí a bá yọ rọ́ọ̀kì kúrò nínú ìtàn orin Yorùbá, ìtàn Ṣínà Peters pàápàá yóò ní ihò láàárín.

Àwọn kan ní àwọn ọmọ náà kì í ṣe Yorùbá tán. Aṣáájú wọn ń jẹ́ Ukachi. Bẹ́ẹ̀ ni. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ọmọ tó ń jẹ́ Ukachi dúró l'Ékòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà, wọ́n pe orin wọn ní "gbìyànjú kí o nífẹ̀ẹ́". A kò sọ pé ogun ni wọ́n ń kọ orin lé lórí. Ohun tí à ń sọ ni pé inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ohùn tútù yìí ti jáde, ìlú tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jọ gbé padà. Bí àkọlé kan tó dá lórí ìfẹ́ bá tún ti ẹnu wọn jáde ní èdè Yorùbá, ìyẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ ìdùnnú fún wa. Èdè tí àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣeré, èdè tó ṣì lẹ́mìí ni.

Àríyànjiyàn tó kù ni pé eré ọmọdé ni. A kò ní purọ́: ọ̀rọ̀ inú orin náà kò jinlẹ̀ bí òwe Hárúnà Ìṣọ̀lá. Àwọn gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ewì yóò fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí. Ohùn àwọn ọmọ náà kò sì fi gbogbo ìgbà dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá òwe, a mọ ibi tí a ó lọ. Ohun tí àwo yìí ní tí àgbà olórin kò lè ní ni ìgbà èwe fúnra rẹ̀, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó ni ín ṣì wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba la ní nínú irú rẹ̀. Àgbà ló máa ń sọ bí ọ̀dọ́ ṣe rí nínú orin wa. Níbí, àwọn ọ̀dọ́ ló sọ ọ́ fúnra wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tó ń ká wa lára jù. Orúkọ ẹgbẹ́ náà, Ofege, inú ẹnà àwọn ọmọ ilé ìwé ìgbà náà ló ti wá. Lára àwo, lẹ́tà márùn-ún ni, kò sí àmì ohùn kankan lórí wọn, kò sí àmì ìsàlẹ̀ lábẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó tún àwo tẹ̀ ní New York kò lè fi àmì sí i. Kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tí à ń lò ní kíláàsì tó ń kó ẹnà àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó ìgbà náà jọ. Àwọn tó ń fi í pe ara wọn láàárín ọgbà ilé ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ló lè sọ bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an àti ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Àwọn ènìyàn yẹn ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún, àwọn mìíràn ti kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ́ bàbá wa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, àwọn alága ìpàdé àdúgbò. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bí ọdún mẹ́wàá mìíràn bá fi kọjá tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n, ẹnà ìran kan ti bá wọn lọ nìyẹn, gbogbo àwo tí wọ́n sì tún tẹ̀ lókè òkun kò ní lè dá a padà.

Iṣẹ́ onímọ̀ Yorùbá nìyí. Kì í ṣe iṣẹ́ oníṣòwò àwo.

Nítorí náà, àwọn ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí gbogbo wa tún lọ kọ́ lórí àwọn olórin mẹ́ta tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti kọ́ tán. Èdè inú rọ́ọ̀kì Èkó ní sáà 1970 wà nílẹ̀ tí ń dúró de ẹni tí yóò wò ó. Ẹ lè wo àmúlùmálà èdè nínú rẹ̀, ẹ lè wo ẹnà, ẹ sì lè fi ohùn rẹ̀ wé ohùn àwọn ewì tí a ti mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú irú àkọlé bẹ́ẹ̀ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kó lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì yóò ní kó lọ sí ẹ̀ka orin, ẹ̀ka orin yóò ní kó padà sọ́dọ̀ yín, títí yóò fi sú u. Àwọn tó bá sì ní àwo àtijọ́ nílé, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá àgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o dànù bí ẹ bá ń tún ilé ṣe. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó rà á àti ibi tó ti jó o.

Ní tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé ìbéèrè kékeré kan fún àwọn àgbà tó lọ ilé ìwé l'Ékòó ní àkókò yẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe ń pe Ofege?" Ẹni tó bá ní bàbá tó lè dáhùn, kó bá wa bi í, kó sì gba ohùn bàbá náà sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Bí àmì ohùn bá ti pé lórí orúkọ náà, a ó tẹ̀ ẹ́ síbí bó ṣe yẹ.